Ohùn Tí Kò Ní Bàbá

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ti fi ìlù dùndún jẹun fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, wọn kì í sì í lọ sóde ìnáwó mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn ṣì mú bí abẹ. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n yà kí mi nílé, wọ́n bá mi nídìí àwo orin kan, mo sì ní kí wọ́n jókòó kí á jọ gbọ́ ọ. Wọ́n tẹ orí wọn ba gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ohùn kan ń kùn lábẹ́ orin náà. Ó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó tún ń rá gòkè padà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, wọ́n bi mí pé, "Kí ló ń wí?"

"Bàbá, kò wí nǹkan kan o."

"Ìlù wo ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ìlù. Igi gbọọrọ kan ni, tí ẹni tí ó ń lù ú fúnra rẹ̀ de wáyà inú piano mọ́, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bàbá mirí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa náà. Bó bá wá ṣì í lù, ta ni yóò mọ̀?"

Ìbéèrè yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ fi yẹ iṣẹ́ àwọn eléré kan wò nínú àròkọ yìí. Àwọn eléré náà ń jẹ́ Sleepytime Gorilla Museum. Ìlú Oakland ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kóra jọ ní ọdún 1999. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ wọn, a lè pè wọ́n ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìnàkí Àsìkò Oorun. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ wí pé orúkọ náà kò ní orí, kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí i níwájú pé ó ní ohun tí ó ń tọ́ka sí. Nils Frykdahl ni aṣáájú akọrin wọn, ó ń ta gìtá, ó sì ń fọn fèrè. Carla Kihlstedt, obìnrin tí ó kọ́ fáólìn nílé ẹ̀kọ́ orin títí tí ó fi mọ̀ ọ́n dójú àmì, ni ó ń ta fáólìn tí ó sì ń kọrin pẹ̀lú Frykdahl. Dan Rathbun ni ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, òun náà sì ni gbẹ́nàgbẹ́nà wọn: ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò tí a ń sọ yìí ti jáde. Àwọn onílù wọn pààrọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Moe Staiano, tí ó máa ń kó ike àti páànù oríṣiríṣi sílẹ̀ tí ó sì ń lù wọ́n, wà pẹ̀lú wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Matthias Bossi àti Michael Mellender darapọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà.

Ó yẹ kí á là á yé ara wa irú orin tí wọ́n ń kọ. Orin tí wọ́n ń pè ní metal, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, jẹ́ ẹ̀yà kan lára orin rọ́ọ̀kì. Gìtá oníná ni ìyá orin náà. Wọ́n máa ń ti ohùn gìtá kọjá agbára ẹ̀rọ tí ó ń gbé e jáde títí ohùn náà yóò fi ya, tí yóò máa han bí ayùn tí ń rẹ́ pákó. Ìlù á máa rọ́ lù ú lemọ́lemọ́, akọrin á máa bú bí ẹkùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní ariwo lásán ni. N kò ní bá onítọ̀hún jà, nítorí pé ariwo lásán ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn orin yìí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Tony Iommi, ọmọ ìlú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Black Sabbath sílẹ̀, ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé páànù irin. Ní ọdún 1965, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ, ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tí ó fi ń tẹ okùn gìtá nítorí pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ olómi, ó fi mọ ìbọ̀ka bo orí àwọn ìka náà, ó lẹ awọ mọ́ ọn, ó sì ń ta gìtá lọ. Nígbà tí ó yá, ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ kí ó má baà le jù fún un, ohùn gìtá náà sì wá sílẹ̀, ó wúwo. Ohùn tí gbogbo àwọn elére metal ń wá kiri láti ìgbà náà, ìbọ̀ka àfọwọ́ṣe nínú ilé wà lára ohun tí ó bí i. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun èlò àfọwọ́ṣe jẹ́ àlejò nínú orin metal, ẹ sọ fún un pé onílé ni.

Kí wá ni àwọn ohun èlò àfọwọ́ṣe Sleepytime Gorilla Museum? Orúkọ tí wọ́n fún wọn tó ohun tí ènìyàn ń rẹ́rìn-ín sí: ọ̀kan ń jẹ́ ọkọ̀ ojú omi àwọn Viking, òmíràn ń jẹ́ òróòro oníná tàbí nǹkan tí ó sún mọ́ òróòro nínú ikùn, òmíràn jẹ́ gìtá tí a kan ìṣó àti irin onílọ́pọ́ mọ́. Òṣùpá láàárín ìràwọ̀ ni igi tí Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní slide-piano log. Wáyà piano nípọn, ó sì le. A kò dá a fún ọwọ́ ènìyàn láti fi fà, òòlù kékeré inú piano ni a dá a fún. Rathbun wá nà án lé orí igi. Ọwọ́ kan ń fi ọ̀pá lù ú, ọwọ́ kejì ń ti irin gba orí rẹ̀ lọ gba orí rẹ̀ bọ̀, bí ohùn ṣe ń gbéra tí ó tún ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Iná mànàmáná sì wà nínú rẹ̀ tí ó ń sọ ohùn náà di ńlá. Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú òkùnkùn, ẹ lè rò pé ilẹ̀kùn ilé alájà ńlá kan ni ó ń ṣí, tí ó sì mọ orin í kọ.

Ibí yìí ni mo ti rí i pé etí wa kò bá ti àwọn tí wọ́n dá orin yìí fún dọ́gba. Etí Yorùbá jẹ́ etí tí ń wá ọ̀rọ̀. Bí a bá gbọ́ ohùn tí ó ń lọ láti òkè sí àárín, láti àárín sí ìsàlẹ̀, tí ó ń yọ́ wọ inú ara wọn, ọkàn wa kì í dúró jẹ́ẹ́. Yóò máa wá oríkì, yóò máa wá òwe, yóò máa wá orúkọ ẹni tí wọ́n ń kì. Ohùn igi Rathbun ń yọ́ bí ohùn dùndún tí a fún ọṣán rẹ̀ tí a tún dẹ̀ ẹ́. Bàbá kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n bèèrè ohun tí ó ń wí. Mo gbọ́ ọ nígbà méjì mẹ́ta kí n tó lè pa ẹ̀rọ tí ń wá ọ̀rọ̀ lórí mi, n kò sì rò pé mo pa á tán.

Bí ẹ bá rò pé ìbéèrè Bàbá jẹ́ ti Yorùbá nìkan, ẹ jẹ́ kí á bèèrè lọ́wọ́ ọmọ Oakland mìíràn. Ìlú yẹn gan-an ni wọ́n bí Harry Partch sí ní ọdún 1901. Ohun tí ó gbé Partch dìde ni pé piano àti àwọn ohun èlò ilẹ̀ Òyìnbó kò lè tẹ̀lé ohùn ènìyàn nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ a máa yọ́. Ohùn piano a máa fò láti àtẹ̀gùn dé àtẹ̀gùn, méjìlá péré sì ni àtẹ̀gùn náà. Partch sun àwọn orin tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ nínú sítóòfù ní nǹkan bí ọdún 1930, ó fi ọrùn gígùn sí fáólìn ńlá kan kí ó lè máa bá ọ̀rọ̀ ẹnu rìn, ó sì pín àyè tí méjìlá wà sí mẹ́tàlélógójì. Nígbà tí kò sí ohun èlò tí ó lè lu mẹ́tàlélógójì yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ tirẹ̀. Ó gba ìgò ńláńlá tí wọ́n ti lò tì ní ilé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Berkeley, ó gé e, ó so ó rọ̀ bí agogo. Ó fi ìkarahun ọta ìbọn ńlá ṣe òmíràn. Ní ọdún 1952, ó fi àwọn ohun èlò yìí ṣe eré Oedipus ní Mills College ní Oakland. Èrò rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń lu ohun èlò kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ. Ara rẹ̀ jẹ́ apá kan eré náà. A lè sọ pé ọmọ Partch ni Rathbun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jogún ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Ẹlòmíràn náà ni àwọn Futurist ti ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1909, Marinetti kọ ìwé kan sínú ìwé ìròyìn Le Figaro ní Paris, nínú èyí tí ó ti ní kí wọ́n wó gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ilé ìkàwé, kí wọ́n sì máa yin ẹ̀rọ, eré sísá àti ogun. Ní ọdún 1913, Luigi Russolo, ayàwòrán tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní orin àtijọ́ ti gbó, pé ariwo ilé iṣẹ́ àti ojú pópó ni orin tuntun. Ó kan àwọn àpótí onígi tí ẹnu wọn fẹ̀ bí ìwo, tí a ń fi ọwọ́ yí, kí wọ́n lè máa ráùn, kí wọ́n máa hó, kí wọ́n máa bú. Àwọn ará Oakland wá sọ ara wọn ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ohun tí àwọn bàbá wọn wọ̀nyí kórìíra jù lọ. Wọ́n sọ ìtàn kan nípa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn oníṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ tí wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtàn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi gbogbo ẹnu gbà. Àwo orin wọn kìn-ín-ní, tí ó jáde ní ọdún 2001, ń jẹ́ Grand Opening and Closing, bí ẹni ń wí pé ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà ni wọ́n tì í. Wọ́n a tún máa sọ pé ìgbín aláwọ̀ òféèfèé kan tí kò ní ìkarahun, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú igbó California, nìkan ni òǹwòran wọn ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣeré, ìyẹn ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà, ọdún 1999.

N kò kà á sí àpárá lásán. Ẹni tí ó bá ní ohun èlò tí kò ní bàbá yóò wá bàbá fún un dandan. Dùndún ní Àyàn. Piano ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan àwọn tí ó ti tẹ̀ ẹ́. Fáólìn Kihlstedt ní ilé ẹ̀kọ́ àti olùkọ́. Igi Rathbun kò ní ẹnì kankan. Àwọn eléré yìí wá fi tíátà ṣe ìdílé fún un: wọ́n kun ojú, wọ́n wọ aṣọ tí ó dà bí aṣọ òkú ayé àtijọ́, Frykdahl a sì máa dúró láàárín orin méjì, a máa sọ àsọyé bí ọ̀jọ̀gbọ́n tí orí rẹ̀ ti dàrú. Shinichi Koga, oníjó butoh, ìyẹn ijó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní òpin ọdún 1950 sí 1959, bá wọn ṣe pọ̀. Bí òǹwòran bá ti gba ìdílé yẹn gbọ́ tán, kò ní bèèrè mọ́ pé ta ni ó kọ́ ẹni tí ń lu igi.

Ṣùgbọ́n èmi kò sí níbi eré. Àwo orin ni mo ní. Kò sí ojú kíkùn nínú àwo orin, kò sí ijó. Bí eré bá jẹ́ ohun tí ó gbé ohun èlò àfọwọ́ṣe dúró, a jẹ́ pé nígbà tí etí nìkan bá kù, ohun gbogbo yẹ kí ó wó lulẹ̀. Díẹ̀ wó lóòótọ́. Mo máa ń fi ìdánwò kan yẹ àwọn ohun èlò yìí wò: bí a bá yọ eléyìí kúrò nínú orin tí a fi ohun èlò tí a ń rà lọ́jà dípò rẹ̀, ṣé orin náà yóò mọ̀ pé nǹkan sọnù? Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ike, páànù àti irin onílọ́pọ́, n kò rò pé orin náà yóò mọ̀. Ata ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹran. A gbọ́ pé nǹkan ń dún ṣakaṣaka, inú wa dùn, ó parí. Ohùn Frykdahl náà, tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyanu lórí ìtàgé nígbà tí ó bá ń lọ láti ìkẹ́lẹ́kẹ̀lẹ̀ dé igbe, a máa rẹ etí nígbà mìíràn nínú àwo orin, nítorí pé a kò rí ojú tí ó ń sọ fún wa pé eré ni.

Igi Rathbun yege, ìdí tí ó fi yege ni ó sì dá mi lóhùn ìbéèrè Bàbá. Orin metal dúró lórí ohun kan tí wọ́n ń pè ní riff: gbólóhùn orin kúkúrú tí a ń lù ní àlùtúnlù láìyí i padà. Àwọn ará Oakland a máa lọ́ ọ, ìgbésẹ̀ rẹ̀ a máa jẹ́ méje tàbí mọ́kànlá dípò mẹ́rin, ṣùgbọ́n àlùtúnlù ni. Bí igi náà bá kọ́kọ́ yọ́ sílẹ̀ tí ó sì dún gbì, a kò mọ̀ bóyá ó ṣì í ni. Bí ó bá tún un ṣe ní ọ̀nà kan náà, ní ibi kan náà, pẹ̀lú fáólìn tí ó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ti mọ̀ pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àwa gan-an ti ń retí rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, bí ó bá yẹsẹ̀, àwa ni a ó mú un. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin náà ti kọ́ wa ní òfin ohun èlò tí a kò gbọ́ rí. Nítorí náà ni ohun èlò àfọwọ́ṣe ṣe rí ilé nínú metal ju bí ó ti rí i nínú orin àwọn tí ń ṣe ariwo bí ó ti wù wọ́n láìsí àlùtúnlù, níbi tí gbogbo ohùn jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tí kò sì sí ẹni tí ó lè ṣì í ṣe. Ẹ tẹ́tí sí Sleep Is Wrong tí ó ṣí àwo kìn-ín-ní, ẹ ó rí bí líle àlùtúnlù ṣe ń sọ ohun tí kò mọ́ etí lára di ohun tí a lè gba orúkọ rẹ̀ mọ́ra.

Àwo kejì, Of Natural History, tí ó jáde ní ọdún 2004, ni ó dára jù lọ lójú mi, òun náà ni ó sì dà mí láàmú jù. Orin tí ó ṣí i, A Hymn to the Morning Star, lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohùn Frykdahl wálẹ̀, ó nípọn, ó dà bí ti olórin inú ìjọ. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ìràwọ̀ òwúrọ̀ jẹ́ nínú ìtàn àwọn áńgẹ́lì lè ṣe àmín sí i. Orin tí ó tẹ̀ lé e fọ́ ilé mọ́ wa lórí. Ohun tí àwo náà dá lé lórí ni àríyànjiyàn: ní apá kan, àwọn Futurist tí ń bọ ẹ̀rọ, ní apá kejì, Theodore Kaczynski, ọkùnrin tí ó kórìíra ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn láti ọdún 1978 sí 1995. Ó pa ẹni mẹ́ta, ó sì ṣe ẹni mẹ́tàlélógún léṣe. FC ni ó ń fọwọ́ sí àwọn lẹ́tà rẹ̀, ó ní Ẹgbẹ́ Òmìnira ni ó túmọ̀ sí, orúkọ yẹn gan-an sì ni ọ̀kan nínú àwọn orin náà ń jẹ́. Kì í ṣe àlejò sí àdúgbò àwọn eléré wa: láàárín ọdún 1967 sí 1969, olùkọ́ ìṣirò ni ní yunifásítì Berkeley, ìlú tí ó bá Oakland pààlà. Ẹ̀wọ̀n ni ó wà tí ó fi kú ní ọdún 2023.

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí á gbé ohùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lé orí ìtàgé? Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Tíátà ní àṣẹ láti wọ awọ ìkà, bí kò bá ní àṣẹ yẹn kò sí ìwúlò rẹ̀. Àbùkù tí mo rí kì í ṣe pé ìkà sọ̀rọ̀, àbùkù náà ni pé n kò gbọ́ ohùn àwọn tí ó pa. Òǹgbọ́ tí kò bá mọ ìtàn náà lè máa mi orí sí ìlù kí ó má mọ̀ pé òkú gidi wà nídìí rẹ̀, pé ènìyàn kan ṣí ẹrù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kò sì rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Ibẹ̀ ni mo ti bínú sí wọn.

Síbẹ̀, ìdáhùn kan wà nínú àwo náà tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu sọ. Ẹni tí ó ń bọ ẹ̀rọ kò ní gbẹ́ igi. Ẹni tí ó kórìíra ẹ̀rọ kò ní so iná mànàmáná mọ́ ọn. Igi tí a fi ọwọ́ gbẹ́, tí a de wáyà ilé iṣẹ́ mọ́, tí a sì fi iná gbé ohùn rẹ̀ ga, kò sí lẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Bí àwọn akọrin ti ń jà lókè, igi náà ń lọ ní ìsàlẹ̀, kò dá sí wọn. Bóyá Rathbun rò ó bẹ́ẹ̀, bóyá kò rò ó. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo ń wí. Bí ó bá jẹ́ gìtá tí a rà lọ́jà ni ó wà níbẹ̀, àríyànjiyàn náà ì bá di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Àwo kẹta, In Glorious Times, ti ọdún 2007, kò fi bẹ́ẹ̀ gbà mí lọ́kàn. Orin ibẹ̀ dán ju ti ìṣáájú lọ, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó ti mọ̀ pé ènìyàn ń wo òun. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ inú ìwé Finnegans Wake tí James Joyce tẹ̀ jáde ní ọdún 1939, ìwé tí àwọn tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá kì í kà parí, wọ́n sì fi ìbúramúramù kọ ọ́ nínú Helpless Corpses Enactment. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí kò yéni àti ìbúramúramù tí a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n n kò tún fẹ́ gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì. Angle of Repose ni mo máa ń padà sí, nítorí ohùn Kihlstedt. Òun ni ó kọ́ ohun èlò rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́, tí ó ní ìdílé nínú orin, òun náà sì ni ó dà bí ẹni pé ó lómìnira jù láàárín wọn.

Wọ́n tú ká ní ọdún 2011. Orin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ wà nílẹ̀ láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí wọ́n tún kóra jọ ni wọ́n tó parí rẹ̀, ó sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2024 pẹ̀lú orúkọ of the Last Human Being. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú ìfòyà, bí ẹni tí ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí a ti tì pa láti ìgbà pípẹ́. Ohùn Frykdahl ti gbó díẹ̀, ó sì dára fún un: eré tí ó ń fi ìpá ṣe tẹ́lẹ̀ ti wá di ohùn rẹ̀. Ariwo kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ni ó ń ṣeré báyìí, wọ́n sì jẹ́ kí á mọ̀ ọ́n.

Àpótí Russolo ti ṣègbé; àwọn tí a ń gbọ́ lónìí, àwọn ènìyàn tún wọn kàn ni. Ti Partch rí ẹni gbà wọ́n tọ́jú: láti ọ̀dọ̀ ọmọlẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ ọmọlẹ́yìn, títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ Washington ní Seattle ní ọdún 2014, àwọn ọ̀dọ́ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lù wọ́n. Nígbà tí Bàbá tún yà sọ́dọ̀ mi ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, àwo ọdún 2004 yẹn náà ni wọ́n ní kí n fi sí i. Nígbà tí orin dé ibi tí wọ́n ń retí, mo rí i tí ìka wọn ń lu apá àga, ó sì bọ́ sí ibi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí, ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Wọ́n ní, "Kò ṣì í." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, kò ṣì í."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹni tí ó ni igi náà ṣì wà láyé. Mo ní ó wà. Wọ́n ní, "Ó ti ń fi kọ́ ọmọ?" Kí n tó ronú ohun tí n ó wí, orin náà ti parí, wọ́n sì na ọwọ́ sí mi pé kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.